Láti Ifẹ̀ sí London: kìlómítà mélòó, wákàtí mélòó, ìgbà wo ló yẹ ká kúrò nílé?

Ọmọ_Lágeré:
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Màmá wa ń lọ kí ọmọ wọn ní London nínú oṣù Kejìlá. Bàálù tí kì í dúró lọ́nà ni, láti Èkó tààrà. Ìṣirò rẹ̀ ló dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú-òpó kan sọ pé Èkó sí London jẹ́ máìlì 3,105, òmíràn ní 2,700 ni, ẹ̀kẹta ní kìlómítà 5,000. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, òun náà tún gba ibòmíràn yọ: ní àlọ, wọ́n gbéra ní 10:30 àárọ̀, wọ́n balẹ̀ ní 4:00 ìrọ̀lẹ́. Ní àbọ̀, wọ́n gbéra ní 11:00 àárọ̀, wọ́n balẹ̀ ní 6:30 alẹ́. Ṣé wákàtí márùn-ún àbọ̀ ni àlọ, kí àbọ̀ wá jẹ́ méje àbọ̀, lójú ọ̀nà kan náà? Èwo ni ká gbà gbọ́? Àti pé láti Ifẹ̀ níbí, aago mélòó ni kí wọ́n jáde nílé?

Olùkọ́_Jọ́gíráfì:
Àbúrò, àwọn ojú-òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò parọ́. Oríṣi máìlì méjì ló wà láyé yìí. Máìlì orí ilẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó fi ń wọn títì, jẹ́ kìlómítà 1.609. Máìlì ojú òkun, tí àwọn atukọ̀ àti àwọn awakọ̀ bàálù ń lò, jẹ́ kìlómítà 1.852. Fi 1.609 sọ 3,105 di púpọ̀, wàá rí 4,996. Fi 1.852 sọ 2,700 di púpọ̀, wàá rí 5,000. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, wọn ò kàn kọ irú máìlì tó jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Bí o bá fẹ́ rí i fúnra rẹ, kakulétọ̀ orí fóònù tó. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà wà ní dígírì 6.58 sí àríwá àti 3.32 sí ìlà-oòrùn. Heathrow, pápákọ̀ ńlá ti London, wà ní dígírì 51.47 sí àríwá, ó sì fi 0.45 kọjá ìlà òdo sí ìwọ̀-oòrùn. Yọ 6.58 kúrò nínú 51.47, ó ku 44.89. Dígírì kan láti gúúsù sí àríwá jẹ́ kìlómítà 111 níbi gbogbo, nítorí náà 44.89 lọ́nà 111 jẹ́ 4,983. Ìyẹn ẹsẹ̀ kan.

Ẹsẹ̀ kejì ni ti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. 3.32 àti 0.45 jẹ́ 3.77, ká pè é ní 3.78 nítorí àwọn ẹ̀là tí a gé kù. Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì í. Dígírì ti ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe 111 níbi gbogbo, ńṣe ló ń fún pọ̀ bí o ṣe ń gòkè lọ sí àríwá, bí ìlà ara ọsàn ṣe ń pàdé ní orí rẹ̀. Lọ sí àárín ọ̀nà, ìyẹn dígírì 29, tẹ cos 29, wàá rí 0.875. Nítorí náà 3.78 lọ́nà 111 lọ́nà 0.875 jẹ́ 367. Sọ 4,983 di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ fún 367, ro méjèèjì pọ̀, kí o tẹ àmì √. 4,996 ló máa jáde.

Má fi ọgbọ́n yìí wọn New York o. Èkó àti London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti gúúsù sí àríwá, ìdí nìyẹn tó fi ṣiṣẹ́. New York jìnnà sí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà bàálù ibẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀lé ìyíká ayé. Ìṣirò yìí á fún ọ ní nǹkan bí 8,700, bẹ́ẹ̀ 8,440 ni í ṣe.

Bàbá_Ẹ̀nuwá:
Olùkọ́, ẹ ò sọ ti Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ fún un. Ìbéèrè Ifẹ̀ ló béèrè.

Olùkọ́_Jọ́gíráfì:
Òótọ́ ni, Bàbá. Ìlú wa wà ní nǹkan bíi dígírì 7.49 sí àríwá àti 4.55 sí ìlà-oòrùn. Ẹ fi ọgbọ́n kan náà ṣe é, ẹ máa rí nǹkan bíi 4,900. Ìyẹn ni pé Ifẹ̀ fi bíi kìlómítà 90 sún mọ́ London ju Ìkẹjà lọ.

Bàbá_Ẹ̀nuwá:
Ẹ ò rí nǹkan! Àfi ká fi ojú kọ gúúsù, ká rin ọ̀nà tó lé ní 200 kìlómítà lọ sí Èkó, ká tó yíjú padà sí àríwá.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Pọ́ọ́kú:
Ẹ jẹ́ n gba ti aago orí tíkẹ́ẹ̀tì. Gbogbo aago tí wọ́n tẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà ni. Aago ìgbéra jẹ́ ti Èkó, aago ìbalẹ̀ jẹ́ ti London. Nàìjíríà kì í yí aago padà láti ọdún dé ọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yí tiwọn. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago wọn àti tiwa bára mu. Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹta tó ń bọ̀, wọ́n fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa.

Oṣù Kejìlá ni màmá ń lọ. 4:00 ìrọ̀lẹ́ ní London, 5:00 ni ní Ifẹ̀. Láti 10:30 sí 5:00, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ní àbọ̀, 11:00 àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn jẹ́ 12:00 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Láti 12:00 sí 6:30, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ náà ni. Kò sí èyí tó gùn ju ara wọn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ pàdé wọn níbẹ̀ ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Bí ọmọ wọn bá pe Ifẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé “wọ́n á dé ní aago márùn-ún”, aago ta ni? Ẹ fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí i, kí ó fúnra rẹ̀ kà á.

Ọmọ_Lágeré:
Ẹ ṣeun, ìdààmú ti aago ti lọ. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n kan sọ pé bàálù ńlá ń sá 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Mo pín 5,000 sí 900, wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 33 ló jáde. Wákàtí kan tó kù ńkọ́?

Àwòrò_Òfurufú:
Ìbéèrè gidi nìyẹn. 900 jẹ́ eré tí bàálù ńlá ń sá nígbà tó bá ti gòkè tán, ní nǹkan bíi mítà 11,000 sókè. Kò sí bàálù tó ń fi eré yẹn kúrò nílẹ̀.

Wákàtí tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe wákàtí inú òfúrufú nìkan. Wọ́n ń kà á láti ìgbà tí wọ́n bá ti ti bàálù kúrò níbi tí ó dúró sí, títí di ìgbà tí wọ́n bá fi igi dí táyà rẹ̀ ní ìlú kejì. Wo ohun tó wà láàárín. Bàálù á rìn lórí ilẹ̀ lọ sí ibi tí yóò ti sáré gbéra. Bí bàálù mẹ́rin bá ti wà níwájú rẹ̀, yóò tò. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ó gbéra, ó ń gun òkè bíi 20 sí 25 ìṣẹ́jú kí ó tó débi tí yóò ti sá eré 900. Ní ìkẹyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ láti bíi kìlómítà 200 sí London, eré rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń rọ̀.

Heathrow tún ní ìṣe tirẹ̀. Bí bàálù bá pọ̀ jù, wọ́n á ní kí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa yípo lójú sánmà ní ọ̀kan nínú ibi mẹ́rin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un: Bovingdon, Lambourne, Biggin àti Ockham. Ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé á rí i pé ilé kan náà ló ń kọjá nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ewu níbẹ̀, wọ́n ń tò ni. Ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lè bá a lọ. Àwọn tó ń ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ti ro gbogbo rẹ̀ mọ́ wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó gbéra pẹ̀lú ìdádúró ìṣẹ́jú 20 ṣì fi lè balẹ̀ lásìkò.

Wàá rí i kedere bí o bá fi ọ̀nà tó kúrú wé e. Èkó sí Àbújá jẹ́ nǹkan bíi 510 kìlómítà lójú òfúrufú, tíkẹ́ẹ̀tì sì máa ń kọ nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn ò ju bíi 440 kìlómítà fún wákàtí kan lọ. Ti London, 5,000 ní wákàtí mẹ́fà àbọ̀, jẹ́ bíi 770. Bàálù kan náà lè ni. Ti Àbújá kò tíì gòkè dáadáa tó fi gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ_Ọbòkun:
Afẹ́fẹ́ òkè ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń ti bàálù.

Àwòrò_Òfurufú:
Ó ń ti í gan-an. Afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ ní òkè láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń lágbára jù nígbà òtútù àwọn òyìnbó. Bàálù New York ló mọ̀ ọ́n lára jù: bó ṣe ń lọ, ó dojú kọ afẹ́fẹ́, bó ṣe ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn. Nítorí náà àlọ máa ń pẹ́ ju àbọ̀ lọ. Ti London, àríwá ni a kọjú sí, ẹ̀gbẹ́ ni afẹ́fẹ́ ti ń gbá wa. Ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ó kàn lè mi bàálù tìtì nígbà tó bá kọjá òkun tó wà láàárín Algeria àti ilẹ̀ Faransé. Kí màmá má tú bẹ́líìtì ìjókòó sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sùn.

Ohun tó lè fi wákàtí kún ọ̀nà London ju afẹ́fẹ́ lọ ni òfúrufú orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá tì. Ọ̀nà wa gba orí Niger àti Algeria kọjá. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger, wọ́n ti òfúrufú wọn pa, wọn ò ṣí i títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Èkó ò kúrò ní 5,000 kìlómítà sí London, àmọ́ àwọn bàálù ní láti rọ́wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó yí orí padà. Epo tó tó lọ tààrà kì í tó yípo. Nítorí náà, bí o bá rí i pé wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì dédé fi ìṣẹ́jú 40 gùn sí i, kọ́kọ́ wo ìròyìn.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Pọ́ọ́kú:
Kí n fi ti àwọn tí owó tààrà bá wọ́n lójú kún un, torí mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ibí yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ń yà lọ́nà máa ń dín owó kù. Àmọ́ kí ẹ wo ibi tó ti ń yà lórí àwòrán ayé kí ẹ tó sanwó. Casablanca fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà: Èkó síbẹ̀ jẹ́ bíi 3,180, láti ibẹ̀ sí London bíi 2,090. Àròpọ̀ rẹ̀ 5,270, kò fi 300 lé ti tààrà. Addis Ababa yàtọ̀ pátápátá. Èkó sí Addis jẹ́ bíi 3,900, Addis sí London bíi 5,900. Ẹ ti rin 9,800, ìlọ́po méjì, ní bíi wákàtí 12 sí 13 lójú òfúrufú nìkan, ká má tíì ka àkókò tí ẹ jókòó sí pápákọ̀.

Àkókò ìjókòó yẹn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ó bá dín sí wákàtí kan àbọ̀, bàálù àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èkejì á fi yín sílẹ̀. Bí ó bá lé ní wákàtí mẹ́jọ, ó ti di ti ọ̀dọ́ nìyẹn. Wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́rin ló dára. Kí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sì wà nínú ìwé kan náà, nọ́ńbà kan náà. Bí ẹ bá rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àkọ́kọ́ sì pẹ́, ẹni tó ni bàálù kejì kò jẹ yín ní nǹkan kan, ẹ̀yin náà lẹ ó sì gba ẹrù yín, tí ẹ ó sì tún gbé e fún wọn ní káúńtà.

Fún màmá, tààrà ni kí wọ́n gbà. Owó tí ẹ fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ wíwú.

Bàbá_Ẹ̀nuwá:
Níwọ̀n ìgbà tí a ti ń fi okùn wọn ayé, ẹ bá mi wọn Bahia ní Brazil. Àwọn ọmọ Oòduà tó wà níbẹ̀ ń wá Ọlọ́jọ́, àwọn ará ibí náà sì ń béèrè bí wọ́n ṣe lè lọ. Ṣé ó jìnnà ju London lọ?

Olùkọ́_Jọ́gíráfì:
Bàbá, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èkó sí Salvador, olú-ìlú Bahia, jẹ́ nǹkan bíi 5,090 kìlómítà. Kò fi 100 lé ti London.

Ẹni tí kò bá gbà, kí ó mú bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé. Bọ́ọ̀lù ìdíje tó pé iwọ̀n fi 68 sẹ̀ǹtímítà yí ara rẹ̀ ká, ó kéré tán. Ayé yí ara rẹ̀ ká ní 40,000 kìlómítà. Nítorí náà 5,000, tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́jọ ayé, á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8 àbọ̀ lára bọ́ọ̀lù. Fi bírò sàmì sí Èkó. Gé òwú 8 àbọ̀, fi ọwọ́ tẹ orí rẹ̀ kan mọ́ Èkó, kí o wá máa yí orí kejì ká bíi ọwọ́ aago. Ní òkè, ó kan London. Ní ìwọ̀-oòrùn, tí o bá fà á rọ̀ díẹ̀ sí gúúsù, òkun Atlantic ló gbà kọjá, ó sì bọ́ sí etíkun Bahia.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Pọ́ọ́kú:
Òwú lè dé ibẹ̀, bàálù ni kò lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí a máa ń rí jù ni Èkó–Addis–São Paulo–Salvador. 3,900, ó lé bíi 9,900, ó lé bíi 1,450. Ẹ rò ó: ó ju 15,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta òwú Olùkọ́. Bí ẹ bá sì wò ó dáadáa, Addis wà ní ìlà-oòrùn, Brazil wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹ óò fi ẹ̀yìn sí ibi tí ẹ ń lọ fún wákàtí márùn-ún, ẹ óò wá kọjá lókè Áfíríkà lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ kan gbáko kò tó o pẹ̀lú ìdúró.

Bàbá_Ẹ̀nuwá:
Áà. Kò yàtọ̀ sí ti Ifẹ̀ lọ sí Ìkẹjà.

Ọmọ_Ọbòkun:
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ti sọ tiyín. Àwa ará Iléṣà tó ń lọ sí Àbújá ńkọ́? Ẹnì kan ní ká lọ wọ bàálù ní Àkúrẹ́, ẹnì kan ní Ìbàdàn, àwọn tó pọ̀ jù ń sá lọ sí Èkó.

Àwòrò_Òfurufú:
Fún ará Iléṣà, Àkúrẹ́ ló bọ́gbọ́n mu bí ọjọ́ bàálù bá bá tirẹ̀ mu. Láti Iléṣà, ẹ gba Ọ̀wẹnà àti Ìgbárà-Òkè, wákàtí kan àbọ̀ sí méjì, ẹ ti débẹ̀. Àkúrẹ́ sí Àbújá lójú òfúrufú jẹ́ bíi 290 kìlómítà. Ìbàdàn sí Àbújá jẹ́ bíi 405. Èkó, 510. Ẹ rí i pé ẹni tó lọ sí Èkó kọ́kọ́ ń jìnnà sí Àbújá.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé bàálù Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn kò pọ̀ bíi ti Èkó. Bí wọ́n bá fagi lé e, ó lè di ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Ní Èkó, bí ti aago méje bá bọ́, ti aago mẹ́sàn-án ń bọ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ìdánwò tàbí ilé ẹjọ́ lẹ ń lọ fún, ẹ lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ibi yòówù kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ẹ má mú bàálù tó kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ kùtùkùtù sí ìlú tó ní ohun pàtàkì. Eruku ọyẹ́ máa ń bo ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, àwakọ̀ kò sì lè balẹ̀ sí ibi tí kò rí. Bí oòrùn bá gòkè, ó máa ń là díẹ̀.

Ẹ má sì fi ọkàn sí pé ìlú tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni bàálù á balẹ̀ sí dandan. Ní ọdún 2017, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, torí pé ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́. Kàdúná ni gbogbo bàálù Àbújá ń lọ nígbà náà, èrò á wá fi mọ́tò parí rẹ̀.

Ọmọ_Ọbòkun:
Ìdánwò ni. Mo ti gbọ́, ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ_Lágeré:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìbéèrè mi tó kẹ́yìn. Aago mélòó ni kí màmá kúrò ní Ifẹ̀?

Awakọ̀_Ìwó_Ròódù:
Kí wọ́n kúrò ní aago kan òru. Títì á ṣófo, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹ ti wà ní Bẹ́gà.

Tíkẹ́ẹ̀tì_Pọ́ọ́kú:
Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ màmá àgbà kọ́ lẹ ó gbé rìn lóru lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Bí táyà bá fọ́ láàárín Ìkirè àti Aṣèjìrè ní aago méjì òru, ta lẹ ó pè?

Ẹ jẹ́ ká kà á láti ẹ̀yìn wá. Bàálù gbéra ní 10:30. Wọ́n sábà máa ń ti káúńtà ní wákàtí kan ṣáájú, ìyẹn 9:30, ẹni tó bá dé ní 9:35 á jókòó wo bàálù tó ń lọ. Oṣù Kejìlá ni, èrò máa ń pọ̀ bí omi, ìlà máa ń gùn. Nítorí náà kí wọ́n wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní 6:30, ó pẹ́ tán 7:00. Láti Ifẹ̀ sí Ìkẹjà, ọjọ́ tó dára, wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ tí kò dára, mẹ́fà, méje. Bí ẹ bá yọ méje kúrò nínú 7:00 àárọ̀, òru dúdú ló máa jáde, ibi tí Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ bá a dé náà nìyẹn.

Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n kúrò ní Ifẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, láàárín 8:00 sí 9:00 àárọ̀, kí wọ́n sùn sí Ajao Estate tàbí Máfolúkù. Láti ibẹ̀ sí pápákọ̀ kò jìnnà. Bí bàálù bá jẹ́ ti alẹ́, bíi 11:00, ìgbà náà ni ẹ lè kúrò ní Ifẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kí ó má kọjá 10:00.

Awakọ̀_Ìwó_Ròódù:
Kò burú, mo gbà fún yín ní ti àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ibi tí wákàtí ti ń sọnù, torí 200 kìlómítà kọ́ ló ń pẹ́. Láti Ifẹ̀ sí Gbọ́ngán, Ìkirè, Aṣèjìrè títí dé Ìwó Ròódù, ihò ló ń dín eré kù, ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró. Láti Ìbàdàn sí Ṣágámù, ẹ máa sáré. Ibi tó le ni láti Mòwé sí Ibafo sí Kara sí Bẹ́gà. Níbẹ̀, kìlómítà ogún lè gba wákàtí méjì. Bí táńkà kan bá ṣubú lórí afárá Kara, ọjọ́ náà ti tán.

Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹ má gba ibẹ̀ lọ́sàn-án tàbí ìrọ̀lẹ́ bí ẹ bá lè yẹra fún un, ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn ń bẹ ní Mòwé. Ti oṣù Kejìlá tiẹ̀ máa ń jẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ẹ wo ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì màmá mọ́ ọn. Tí ọjọ́ bá papọ̀, ẹ kúrò ní Ifẹ̀ ní 6:30 àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ìdájí náà kò ní pa yín lára.

Olùkọ́_Jọ́gíráfì:
Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Mòóníyà ní Ìbàdàn sí Agége, kò mọ ohun tó ń jẹ́ Kara.

Awakọ̀_Ìwó_Ròódù:
Ó dára fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀nà irin náà jẹ́ 157 kìlómítà, èrò ti ń wọ̀ ọ́ láti oṣù Kẹfà ọdún 2021. Wákàtí méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀ ló ń rìn. Agége ni kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ má bá a dé Ẹ̀búté-Mẹ́ta, torí Agége ló sún mọ́ Ìkẹjà. Àmọ́ Ifẹ̀ ń wọ Ìbàdàn láti ìlà-oòrùn, Mòóníyà sì wà lápá àríwá. Láti Ìwó Ròódù ẹ óò gba Òjóò lọ síbẹ̀, kí ẹ ya ìṣẹ́jú 45 sọ́tọ̀ fún un. Ìgbà tí ọkọ̀ ń gbéra lójúmọ́ kò sì pọ̀. Kí ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní Ifẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá dé Mòóníyà. Báàgì ńlá méjì ti 23 kílò pẹ̀lú àgbà obìnrin, èmi á wọ mọ́tò.

Ọmọ_Lágeré:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ Ajé ni tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kúrò ní Ifẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á sùn sí Ajao, wọ́n á wà ní pápákọ̀ ní 6:30. Màmá ní kí n béèrè ẹyọ kan sí i. Ṣé bàálù náà á kọjá lórí Ifẹ̀? Wọ́n fẹ́ wo ilé.

Àwòrò_Òfurufú:
Ẹ bá wa kí wọn. Kò ní kọjá lórí Ifẹ̀. Afẹ́fẹ́ Èkó sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Bàálù sì gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ kí ó tó gbéra, nítorí náà ó sábà máa ń kọjú sí òkun, kí ó tó yí orí sí àríwá. Nínú oṣù Kejìlá, bí ọyẹ́ bá ti wọlé, afẹ́fẹ́ lè yí, kí ó gbéra sí àríwá tààrà. Bó ti wù kó rí, ìlà London fi díẹ̀ tẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, apá Abẹ́òkúta ló sún mọ́. Ifẹ̀ á wà ní bíi 140 kìlómítà sí ọwọ́ ọ̀tún wọn.

Kí ẹ yan ìjókòó fèrèsé ní apá ọ̀tún fún wọn, èyí tó ní lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú ìlà. Ọwọ́ ọ̀tún náà ni oòrùn àárọ̀ á wà, wọ́n lè fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀ díẹ̀ bó bá ń wọ ojú. Bí bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20 bá ti kọjá lẹ́yìn ìgbéra, tí eruku ọyẹ́ kò sì pọ̀, kí wọ́n wo ọ̀ọ́kán níta. Ìlú ńlá tí òrùlé rẹ̀ pọ̀ lọ súà yẹn, Ìbàdàn ni. Kí wọ́n fi ojú tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.